Fóònù Tó Ní Kí N Lọ Béèrè Lọ́wọ́ Òbí Mi

Ilé Rufus,
Yábà, Oǹdó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Akíntúndé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Bọ́lánlé ìyàwó wa, mo kí Tiwaladé ọmọ ọmọ mi, mo sì kí gbogbo ilé yín ní Ọ̀bà-Ilé láti orí òrùlé dé ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́run tó ń sìn yín lọ sí ibi iṣẹ́, tó tún ń sìn yín bọ̀, kò ní fi yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ ìjọba tí o ń ṣe kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá rẹ kò ní wá ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ lẹ́sẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já tí dẹ́rẹ́bà bá gbé lẹ́tà fún ọ, kò sí ẹni tó kú níbí. Mo mọ̀ pé ìgbà tí mo kọ lẹ́tà sí ọ gbẹ̀yìn, o ṣì wà ní ilé ìwé gíga, nítorí pé láti ìgbà tí fóònù ti dé, ta ló tún ń wá pépà kiri. Ṣùgbọ́n fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí mi gan-an ló dá mi padà sídìí pépà, ohun tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé fún ọ nìyẹn, kí o jọ̀ọ́ jókòó kà á dé ìsàlẹ̀, má ṣe kà á lórí ìdúró.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Páànù ẹ̀yìnkùlé tí ìjì ṣí, a ti kàn án padà. Kòkó ọdún yìí kò dára, òjò pọ̀ jù, èyí tó pọ̀ nínú èso náà ló dúdú mọ́ igi lára, àwọn alágbàṣe sì ń bá mi jà bí ẹni pé èmi ni mo rọ òjò. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú, ó ku méjì, mi ò tíì sọ wọ́n lórúkọ nítorí pé òun ló máa ń sọ wọ́n lórúkọ. Ìkórè sọ́ọ̀ṣì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ti itan mi tó yẹ̀ nígbà tí mo ṣubú lóko, ibi tó wà náà ló wà. Mo lè rìn, mo lè dúró, mo lè dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kí n ká ẹsẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ ni kò ṣeé ṣe. O rántí pé mo gbìyànjú rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Mo dé gáréèjì, mo sanwó, mo wọ ọkọ̀ Akúrẹ́, ọkọ̀ kò tíì kúrò lójú kan tí mo fi ń ké, àwọn èrò ló gbé mi sọ̀kalẹ̀, dẹ́rẹ́bà náà dá owó mi padà láìjẹ́ pé mo béèrè. Bí kì í bá ṣe ti itan yìí ni, lẹ́tà kọ́ ni mi ò bá máa kọ, mi ò bá ti wà níwájú ìyá rẹ.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ náà ni mo ń bọ̀ wá sọ. Ó di oṣù méje báyìí tí rọpárọsẹ̀ mú un lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, tí o wá gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ kí àwọn dókítà Akúrẹ́ lè máa tọ́jú rẹ̀. O ṣe ọmọ, mo dúpẹ́. Nígbà yẹn, Tíṣà Kìtán tó yá yàrá iwájú lọ́wọ́ wa máa ń gbé fóònù ńlá rẹ̀ wá fún mi lálaalẹ́ tí Bọ́lánlé bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, Bọ́lánlé á gbé tirẹ̀ síwájú ìyá rẹ, àwa méjèèjì á sì máa wo ara wa. O mọ̀ pé àrùn náà ti mú un lẹ́nu, nítorí náà fóònù tí a ń fi sétí kò wúlò fún wa, èémí nìkan ni mo ń gbọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú fóònù, mo ń rí i. Mo ń sọ fún un ohun tí mo sè àti ohun tó jóná mọ́ mi lọ́wọ́, mo ń sọ ẹni tó wá sí sọ́ọ̀ṣì àti ẹni tí kò wá, òun á sì fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, tí mo bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́, á gbé ọwọ́ òsì sókè pé kí n dákẹ́. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta la ti jọ wà nínú ilé yìí, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ojú rẹ̀ ni mo fi ń jẹun.

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n gbé Tíṣà Kìtán lọ sí ilé ìwé kan ní Òkìtìpupa, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ. Mo pè ọ́, o ní kí n má ṣe ìyọnu, pé Tiwaladé ṣe ipò kìn-ín-ní, o ti ra fóònù tuntun fún un, pé o máa fi ti àtijọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Lóòótọ́, dẹ́rẹ́bà gbé e dé ní ọjọ́ Jímọ̀ nínú ọ̀rá dúdú, pẹ̀lú ṣájà. Inú mi dùn débi pé mo gbé e lọ han àlùfáà. Àwòrán ológbò wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ní kò burú, èmi àti ológbò kò bára wa jà rí. Akíntúndé, láti ọjọ́ tí fóònù yìí ti wọ ilé mi, mi ò tíì rí ojú ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ méje rèé.

Kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, mo ti wẹ̀, mo ti wọ bùbá tó mọ́, mo ń retí kí Bọ́lánlé dé láti ibi iṣẹ́, àfi bí ojú fóònù ṣe ṣú tó sì kọ ọ́ sí mi pé àkókò oorun ti tó, Tiwaladé. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwé mẹ́fà tí mo kà nígbà tiwa kì í ṣe ti ìsinsìnyí, mo kà á, ó sì yé mi. Mo rò pé dókítà tó ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wò ló bá ọ sọ ọ́, nítorí òun ló máa ń ní mi ò sinmi tó. Mo gbọ́ràn. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo dùbúlẹ̀, oòrùn ṣì ń wọlé lójú fèrèsé, àwọn adìyẹ pàápàá kò tíì ronú àtisùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sùn báyìí. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá oníbúrẹ́dì tó ń jókòó níwájú ilé wa wá kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì wà láyé. Mo ní mo wà, fóònù ló ní kí n máa sùn. Ó wò mí títí, ó bi mí bóyá ọmọ mi ló fún mi ní fóònù náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní Ọlọ́run á bá wa ṣe é.

Ní ti Tiwaladé tó ń pè mí, mi ò bínú sí ìyẹn. Mo ní ọwọ́ ọmọ náà ló ti wá, ó sì lè jẹ́ pé àárò rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Mo tilẹ̀ ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn tí mo bá nù ún.

Ìgbà tó di Sátidé, mo ní kí n má dúró de alẹ́ mọ́, Bọ́lánlé á wà nílé lọ́sàn-án. Mo tẹ ibi wọ́sáàpù bí Tíṣà Kìtán ṣe kọ́ mi. Ó ní kò yẹ fún ọjọ́ orí mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ní bóyá ojú mi ni, mo wọ ìgò ojú, mo tún kà á. Mo wá ní kò burú, kí n kúkú lò ó wá ìtọ́jú rọpárọsẹ̀, nítorí wọ́n ní àwọn dókítà máa ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò, mo tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó tún ní ìyẹn náà kò yẹ fún ọjọ́ orí mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mi ò wá mọ ọdún tó yẹ kí ọkùnrin pé kí wọ́n tó jẹ́ kó mọ àrùn tó mú ìyàwó rẹ̀. Mo wo inú rẹ̀ káàkiri, mo rí i pé ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n kọ mí sí. Mo ní àṣìṣe àwọn akọ̀wé nìyí, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo fẹ́ gba káàdì ìdìbò. Mo gbé àpótí sọ̀kalẹ̀, mo mú ìwé ìbúra ọjọ́ orí mi jáde, èyí tí Bàbá Akíntóyè àbúrò bàbá mi lọ búra sí ní kọ́ọ̀tù, pé wọ́n bí mi ní ọdún tí ìjì gbé òrùlé sọ́ọ̀ṣì wa lọ. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo gbé fóònù sókè rẹ̀ kó lè rí òǹtẹ̀ dáadáa, mo sì kà á sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀. Mo dúró di ọjọ́ kejì kí wọ́n lè tún un ṣe lọ́hùn-ún. Ọmọ ọdún méjìlá náà ni mo bá.

Nísàlẹ̀ ibi tó ti ń sọ ti ọjọ́ orí, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n lọ béèrè lọ́wọ́ òbí mi. Mo gbé e kalẹ̀. Bàbá mi kú ní ọdún 1971, ìyá mi sì kú ní 1988, o wà níbi ìsìnkú rẹ̀, ọmọ ọdún méje ni ọ́, ìwọ lo gbé àgbélébùú kékeré. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún sọ fún mi pé kí n lọ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òbí mi. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà mo nu ojú mi, nítorí mo mọ bí a ṣe ń ṣe é. Nínú ẹbí tiwa, tí bàbá ẹni kò bá sí mọ́, ọ̀dọ̀ àgbà ẹbí là ń lọ. Òun ló bá mi tọrọ ìyá rẹ, òun ló fún mi láyè kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí, mi ò rí ìdí tí kò fi ní fún mi láyè lo fóònù. Mo kọ́kọ́ ń tẹ ibi tó kọ ìbéèrè náà sí fún ọjọ́ mélòó kan bóyá ọkàn rẹ̀ á yí padà, kò yí padà, ni mo bá ra orógbó àti ìgò ọtí kan, mo fi ọ̀pá tilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Akíntóyè ní ilé kẹta sí tiwa.

Bàbá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n orí wọn ṣì pé pérépéré. Wọ́n gbọ́ àlàyé mi, wọ́n ní ó dùn mọ́ àwọn pé ẹ̀rọ òyìnbó ṣì mọ̀ pé ó yẹ kí ọmọ máa tọrọ àyè, pé ẹ̀yin ọmọ tó ń lò ó gan-an kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba orógbó, wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n gbé ọwọ́ lé fóònù náà lórí, wọ́n ní àwọn Akíntóyè, àgbà ẹbí, yọ̀ǹda fún Rufus ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn pé kó máa wo ìyàwó rẹ̀. A dúró. Fóònù ní kí òbí tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Bàbá ronú títí, wọ́n ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ẹbí wa ní tí ará ìta kò mọ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníkòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀, pé láti ọdún 1971 àwọn kò tíì sọ ọ́ síta. Wọ́n lé ìyàwó ilé jáde nínú pálọ̀, wọ́n sọ ọ́ sí mi létí. Mo tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà náà kò gùn tó bó ṣe ń fẹ́, Bàbá ní kí n fi òdo mẹ́ta ṣáájú. Mo fi òdo ṣáájú, ó kọ̀, ó ní kí a lọ fara balẹ̀ ná kí a tó tún gbìyànjú. Inú bí Bàbá gan-an. Wọ́n ní kí n bi í léèrè òbí wo ló tún kù lókè àwọn nínú ẹbí yìí, mo bi í, kò sì dá wa lóhùn.

Ìgbà tí inú wọn rọ̀, wọ́n wá bi mí ìgbà tí mo rí Agnes ìyá rẹ gbẹ̀yìn. Mo ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọ́n ní kí ni wọ́n ń sọ tí mo bá pè. Mo ní wọ́n ní ó ń sùn. Wọ́n ní ṣé gbogbo ìgbà. Mo ní gbogbo ìgbà. Bàbá gbé orógbó tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọn kò jẹ ẹ́ mọ́. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wọn kú sí Kàdúná, oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń sọ fún ìyá wọn pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó ráyè wálé, pé àwọn fúnra wọn wà lára àwọn tó ń lọ sọ ọ́ fún un, tí wọ́n tún ń bá a jẹun. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, kí n máa gbàdúrà.

Akíntúndé, láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ní àlàáfíà mọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn sí gbogbo ìpè. Mo fi fóònù kékeré mi pè lọ́sàn-án, ìyá Bọ́lánlé tó ń jókòó tì í ní ó ń sùn. Mo pè ní ìrọ̀lẹ́, Bọ́lánlé ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, Bàbá, ẹ má ṣe ìyọnu, pé òun ti pè mí lójú fóònù tó, kò wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Oǹdó ni kò dára. Mo pe ìwọ náà, mo ní fóònù ń tì mọ́ mi lọ́wọ́, o ní kí n pa á kí n tún un tàn, pé ẹ wà nínú ìpàdé. Mo ti pa á, mo ti tàn án, débi pé bọ́tìnì rẹ̀ ti rì wọlé. Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́, mi ò lè fi ẹnu bi ọ́, nítorí ohùn rẹ á ti sọ ọ́ kí ẹnu rẹ tó là, èmi nìkan ni mo sì wà nínú ilé yìí. Bí ọkọ̀ bá dín eré kù níwájú ilé, mo ti dìde. Ní Sátidé tó kọjá, àgbà méjì láti sọ́ọ̀ṣì wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n wọ funfun, wọ́n sì bọ́ fìlà lẹ́nu ọ̀nà. Mo di ògiri mú, mo ní kí wọ́n sọ ọ́ kíákíá kí wọ́n má fi adùn sí i. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní àpòòwé ìkórè ni àwọn ń pín kiri. Mo bu omi fún wọn, mo gba àpòòwé, mo wọ yàrá lọ, ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, mi ò sun irú rẹ̀ nígbà tí ìyá mi kú.

Àná ni mo wá gbé fóònù náà lọ fún Bọ́láwálé tó ń tún fóònù ṣe ní oríta. Baba ọlọ́mọ mẹ́ta ni. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó wá wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kò sí àṣìṣe akọ̀wé kankan níbẹ̀. Ó ní tí òbí bá ra fóònù fún ọmọ, ó máa ń so ó mọ́ tirẹ̀, kí ọmọ má baà wo ohun tí kò yẹ, kó lè sùn lásìkò, kí òbí sì máa mọ ibi tó wà, pé wọn kò tú ti Tiwaladé kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ní ta wá ni òbí. Ó ṣí i, ó gbé e sójú mi. Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀, Akíntúndé, pẹ̀lú fọ́tò rẹ nínú kóòtù tí èmi àti ìyá rẹ rà fún ọ nígbà ìgbéyàwó rẹ. Ó ní ìwọ ni òbí mi. Ó ní ibi yòówù kí n gbé fóònù náà dé, o lè rí i. Mo bi í bóyá títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní ilé náà lápapọ̀ ni o máa rí.

Ó tún wá ṣàlàyé ohun kan. Ó ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti tẹ ìbéèrè, ọ̀dọ̀ rẹ ló ń lọ, o sì ń dáhùn. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi kò dá mi lóhùn kankan rí. Ó fi hàn mí. Mo ní kó jẹ́ kí n fi ojú ara mi kà á. Òbí rẹ kò gbà. Òbí rẹ kò gbà. Ó tò lọ sísàlẹ̀, ìgbà mọ́kànlá, ọjọ́ rẹ̀ àti aago rẹ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí a jáde ní sọ́ọ̀ṣì, o sì ti kọ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Mo dúró níbẹ̀ tí àwọn oníbàárà mìíràn ń tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́jú kan, Akíntúndé. O kò tiẹ̀ rò ó wò.

Bọ́láwálé ní kí n má tíì bínú, pé orúkọ Tiwaladé ló ń jáde lójú fóònù tìrẹ, pé o lè rò pé ọmọ ló ń yọ́ mú fóònù àtijọ́ láti ṣeré, àti pé tó bá jẹ́ òun náà ni, òun á tẹ ibi tí wọ́n ti ń kọ̀, òun á sì máa bá iṣẹ́ òun lọ, òun kò ní í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ gba èyí gbọ́. Mo gbà á gbọ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà mi, mo wá rántí pé ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ di fóònù náà sínú ọ̀rá, o mọ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà tí mo jẹun, mo tún gbà á gbọ́. Bí mo ṣe wà nìyẹn.

Ó ní tí mo bá fẹ́, òun lè fọ inú rẹ̀ dànù kó di tuntun, kó má mọ òbí kankan mọ́. Mo bi í ohun tó máa bá a lọ, ó ní ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ ni. Fọ́tò kan wà nínú rẹ̀ tí Tiwaladé yà ní oṣù Kẹjọ, ìyá rẹ ló wà níbẹ̀, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun fún un, ìlà rẹ̀ kò gún, inú ìyá rẹ sì dùn sí i. Mo ní kó má fọ̀ ọ́. Èkejì ni pé mi ò lè já ilẹ̀kùn tí ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì, mi ò tọ́ ọ báyẹn, mi ò sì ní fi ọjọ́ ogbó mi bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, mo ti mọ òbí mi. Lówùúrọ̀ yìí, mo gbá pálọ̀, mo tẹ́ ẹní, mo gbé fóònù ti ẹsẹ̀ tábìlì kí fọ́tò rẹ lè kọjú sí mi, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ. Mo mọ̀ pé bàbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bí, tí Bàbá Akíntóyè bá gbọ́, wọ́n á pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí. Mo ní Akíntúndé, òbí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìyàwó mi. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Itan mi kò jẹ́ kí n lè dìde mọ́, ibẹ̀ ni mo wà tí ìyá oníbúrẹ́dì fi wọlé, ó pariwo pé mo ti ṣubú, mo ní rárá, ọmọ mi ni mò ń bẹ̀. Ó fà mí dìde, ó gbọn ẹní, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo máa ń béèrè owó la dé yìí, o sì mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í parí láìsí i. Owó oògùn wà, owó ìkórè wà, owó àwọn alágbàṣe wà. Lọ́tẹ̀ yìí, tọ́jú owó rẹ. Ìṣẹ́jú ni mo ń tọrọ. Bọ́láwálé ní tí òbí bá gbà, ó lè fún ọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kódà tí àkókò oorun bá ti kọjá. Lọ́jọ́bọ̀, aago méje alẹ́, tí Bọ́lánlé bá ti dé, n óò tẹ ìbéèrè náà. Orúkọ Tiwaladé ni wàá rí, ṣùgbọ́n èmi ni. Jọ̀ọ́, má ṣe tẹ ibi tí o máa ń tẹ̀, wo apá kejì.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìwọ náà tọrọ àyè kí o tó rí aya rẹ. Ìgbà tí o bá darúgbó, àwọn tí o bí á mọ ohùn rẹ, wọ́n á mọ orúkọ rẹ, wọn kò ní fi ẹlòmíràn pè ọ́. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, wọ́n á gbà. Tiwaladé á tọ́jú rẹ ju bí o ṣe tọ́jú wa lọ, o sì tọ́jú wa, mi ò lè sẹ́ ẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rufus.

Dẹ́rẹ́bà ti ń fọn fèrè, ṣùgbọ́n ó ku ohun kan. Tó bá jẹ́ pé ìyá rẹ kò sí mọ́, má ṣe kó àgbà wá bá mi. Gbà fún mi lọ́jọ́bọ̀ náà. Kí Bọ́lánlé gbé fóònù síwájú ibùsùn rẹ̀, kó jáde, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. N óò máa wo ibùsùn náà títí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mi á fi pé.